Ìránṣẹ́ Tí Wọ́n Fi Ọkọ̀ Kó Lọ Sígbèkùn: Ìtàn John Caesar

  Ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ilé-ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá lẹ́bi olè ní ọdún 1786, tí wọ́n sì kó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n mìíràn lọ sí ìpẹ̀kun ayé. John Caesar ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé ẹjọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò nínú ìtàn rẹ̀ ni èyí: láti ọjọ́ tí òfin ti kọ́kọ́ pè é ní olè títí di ọjọ́ tí ìbọn pa á, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn tí ó ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀ béèrè bóyá ó yó.

Nígbà tí a bá dárúkọ ọkọ̀ ojú omi àti ènìyàn dúdú pọ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, òwò ẹrú ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi ní Etíkàn, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí ó kọjú sí òkun tí ó kọ̀yìn sí ọ̀sà, yóò rí ẹrẹ̀ tí ó tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ, yóò rí ilẹ̀ tí kò ní èbúté kan gúnmọ́ tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí. Ojú òkun yìí ni ọkọ̀ àwọn òyìnbó ń gbà kọjá láàrin Èkó àti Odò Bìní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ogun ni ó kó wọn, ọjà ni wọ́n sì tà wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí ń ti Ìlú Ọba jáde, tí ó kún fún ènìyàn nínú ṣẹkẹṣẹkẹ, tí ó jẹ́ pé òfin ni ó kó wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òyìnbó. Díẹ̀ nínú wọn jẹ́ dúdú bí àwa. Ó sì kù díẹ̀ kí ó jẹ́ pé etíkun ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ni wọn ì bá kó gbogbo wọn dà sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Àwọn òpìtàn sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Madagásíkà ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1764. Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí ó ń jẹ́ yìí kì í ṣe orúkọ ilé kankan. Ó jẹ́ àṣà àwọn olówó ẹrú ní ayé ìgbà náà láti fún ẹrú ní orúkọ àwọn ọba àti ọ̀gágun Róòmù àtijọ́, Caesar, Pompey, Scipio, bí ìgbà tí ènìyàn bá pe ajá rẹ̀ ní Aláàfin láti fi ṣẹ̀fẹ̀. Ní 1786, Caesar ń gbé ní àdúgbò Deptford, lẹ́bàá odò Thames, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti máa ń gúnlẹ̀. Ìránṣẹ́ ni ìwé pè é.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹrú, ìwọ̀fà àti ọmọ-ọ̀dọ̀. Ìwọ̀fà ń sin owó tí a yá; ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà ni ó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ẹrú ní olówó, ṣùgbọ́n olówó ni yóò bọ́ ọ. Ìránṣẹ́ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìgbà náà kò sí nínú méjèèjì yìí. Ní 1772 ni Adájọ́ Àgbà Mansfield ti dá ẹjọ́ James Somerset, tí ó ní olówó kò lè fi ipá gbé ẹrú rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ fún ẹni tí ó bá kúrò lọ́dọ̀ olówó. Lẹ́yìn náà ni ogun Amẹ́ríkà dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí òmìnira fún ẹrú tí ó bá sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ Amẹ́ríkà wá sọ́dọ̀ wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sá wá. Nígbà tí ogun parí ní 1783 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti pàdánù rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn yìí bá ara wọn ní òpópónà Lọ́ńdọ̀nù nínú òtútù, láìní iṣẹ́, láìní ìbátan. Òfin àwọn aláìní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rèé, ìjọ àdúgbò tí wọ́n ti bí ènìyàn ni ó sábà máa ń bọ́ ọ. Ìjọ àdúgbò wo ni yóò bọ́ ẹni tí wọ́n bí ní Madagásíkà tàbí ní Virginia?

Ní oṣù kẹta ọdún 1786, wọ́n mú Caesar dé iwájú adájọ́ ní Maidstone, ní ìpínlẹ̀ Kent. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó jí pọ́ùn 12 àti ṣílè 4 nínú ilé ènìyàn kan. Kí a má fi ojú owó òde òní wo ìyẹn o. Owó gidi ni. Ìránṣẹ́ mìíràn yóò ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko kí ó tó rí iye bẹ́ẹ̀ gbà. Ohun tí ó sì burú jù ni pé, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá jí ohun tí ó tó ṣílè 40 nínú ilé gbígbé, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó wà nínú ìwé òfin wọn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ kí a so ènìyàn rọ̀. Nítorí pé àwọn adájọ́ pàápàá kò lè máa so gbogbo wọn rọ̀, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn, èyí ni kíkó ẹlẹ́bi sọdá òkun. Ọdún 7 ni wọ́n dá fún Caesar. Wọ́n mú un lọ sínú Ceres, ọkọ̀ kan tí kò rin òkun mọ́, tí wọ́n so mọ́ ojú odò tí wọ́n sì sọ di ilé ẹ̀wọ̀n, níbẹ̀ ni ó sì wà títí wọ́n fi rí ibi tí wọn yóò kó wọn lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn ìkẹyìn yìí: títí wọ́n fi rí ibi tí wọn yóò kó wọn lọ. Kí ogun Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1775, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹlẹ́bi lọ, tí wọ́n ń tà wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ Maryland àti Virginia láti sìn fún iye ọdún tí a dá fún wọn. Ogun ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Ẹ̀wọ̀n kún. Ojú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù wá yí sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Apá ìtàn yìí kò wọ́pọ̀ nínú ìwé tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ó sì dùn mí bẹ́ẹ̀. Ní 1782, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n sọ di ṣọ́jà lọ sí Cape Coast, ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí, láti bá àwọn ará Holland jà níbẹ̀. Ọ̀gá wọn, Kápítéènì Kenneth Mackenzie, gba odi Mouri lọ́wọ́ àwọn ará Holland, ó sì ń ṣe bí ọba níbẹ̀. Ó so ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà rẹ̀ mọ́ ẹnu ìbọn àgbá, ó sì yìn ín. Ilé-ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù dá Mackenzie lẹ́bi ìpànìyàn ní 1784, ọba sì dárí jì í. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n mìíràn bọ́ sí erékùṣù Gorée lẹ́bàá Sẹ̀nẹ̀gà, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Thomas Limpus, òyìnbó tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ó jí ìnujú kan. Limpus padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mú un ní 1783 pé kí ni ó ń wá nílé nígbà tí ọdún rẹ̀ kò tíì pé. Ó ṣàlàyé fún adájọ́ pé àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ní Gorée ló kó wọn jọ, tí wọ́n sọ fún wọn pé kò sí oúnjẹ fún wọn níbẹ̀, kí kálukú wá ọ̀nà ara rẹ̀. Kò gbà á là. Wọ́n tún kó o sọdá òkun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni ti John Martin. Aláwọ̀ dúdú ni. Ní oṣù keje ọdún 1782, ilé-ẹjọ́ Old Bailey dá a lẹ́bi pé ó jí aṣọ, wọ́n sì ní kí wọ́n kó o lọ sí Áfíríkà fún ọdún 7. Àbí ẹ rí nǹkan! Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi ìbọn àti ṣẹkẹṣẹkẹ kó àwọn ènìyàn dúdú kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ìyà fún ènìyàn dúdú mìíràn. Àìsàn ni kò jẹ́ kí Martin bá ọkọ̀ náà lọ; wọ́n dá a padà sí ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ni ó wà fún ọdún mélòó kan. Bóyá àìsàn náà ni ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ní 1785, ìjọba gbèrò láti kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n dà sí erékùṣù Lemane nínú odò Gáḿbíà, kí wọ́n máa dáko níbẹ̀ láìsí ṣọ́jà kankan lọ́dọ̀ wọn. Edmund Burke dìde nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ó ní ikú ni èyí, pé ìjọba ń fi orúkọ àánú bo ìdájọ́ ikú mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí ó ti dé etíkun wa, wọ́n sì kọ ètò náà. Wọ́n tún rán ọkọ̀ Nautilus lọ wo etíkun Namíbíà ní 1786. Aṣálẹ̀ ni ó bá níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n fi ẹnu kò sí Botany Bay, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ọsirélíà, tí Kápítéènì Cook ti dé ní 1770. Ibà ilẹ̀ wa ni ó gbà wá. Bí kì í bá ṣe ibà, ó ṣeé ṣe kí àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí di aládùúgbò àwọn baba ńlá wa, kí ìtàn etíkun Áfíríkà sì yàtọ̀ pátápátá.

Ìjọba tí ó mọ ìyà yìí lò fún olè ni ó padà mú un wá bá àwọn ọba àti ìjòyè wa. Àwọn ará Etíkàn àti gbogbo Ìlàjẹ kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí àpẹẹrẹ. Ní 1894, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Ebrohimi, ìlú Nana Olomu, olórí àwọn Itsekiri ní Odò Bìní. Nana gba inú ọ̀sà àti odò, ọ̀nà omi tí àwọn Ìlàjẹ mọ̀ bí ẹni mo owó, sá lọ sí Èkó, ó sì fi ara rẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì kó o lọ sígbèkùn ní Kàlàbá, lẹ́yìn náà ní Accra. Ọdún 1906 ni ó tó padà wálé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó Jaja ti Opobo lọ ní 1887, àti Ọba Ovonramwen ti Bìní ní 1897. Ẹ̀sùn wọn kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kan náà ni: mú ènìyàn kúrò níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ní ìtumọ̀, kí òkun wà láàrin òun àti ilé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Caesar. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1787, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjì ni ó ń múra ìrìn-àjò ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan ń kó àwọn dúdú aláìní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Sàró, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Granville Sharp àti àwọn ẹlẹ́yinjú àánú mìíràn. Ó lé ní 400 ènìyàn tí ó gbéra ní oṣù kẹrin. Èkejì ni ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ọkọ̀ 11, tí ó gbéra ní Portsmouth ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún. Ìbẹ̀rù sì wà láàrin àwọn dúdú Lọ́ńdọ̀nù pé ibì kan náà ni wọn yóò kó gbogbo wọn lọ, ọ̀pọ̀ sì kọ̀ láti wọ ọkọ̀ Sàró nítorí rẹ̀. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Lára ibùdó tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ yìí dá sílẹ̀ ni Freetown ti hù jáde, níbi tí wọ́n mú ọmọ Òṣóògùn kan gúnlẹ̀ sí ní 1822, Àjàyí tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọkọ̀ kejì ni ó kó Caesar. Lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó lé ní 700 tí wọ́n kó, ó kéré tán ènìyàn dúdú 11 wà níbẹ̀. Inú ọkọ̀ Alexander ni Caesar wà, John Martin tí Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó dé, ní oṣù kìíní ọdún 1788.

Ilẹ̀ tí wọ́n dé kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Gómìnà Arthur Phillip ta àsíá, ó ka ìwé, ilẹ̀ sì di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Kò sí òwe tí ó sọ ohun tí a ó pe ẹni tí ó gbé àjà náà fúnra rẹ̀ lọ pẹ̀lú ilé.

Ebi ni ó jọba ní ibùdó tuntun náà. Ọkà tí wọ́n gbìn kò ṣe dáadáa. Màlúù tí wọ́n kó wá já, ó sì wọ igbó lọ. Oúnjẹ tí ọkọ̀ gbé wá ni wọ́n ń fi òṣùwọ̀n pín. Kí oṣù kejì ọdún 1788 tó parí, wọ́n ti so ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọ̀, Thomas Barrett, nítorí pé ó jí oúnjẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 1789, wọ́n so ṣọ́jà mẹ́fà rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé wọ́n ń jí ẹrù kó nínú ilé ìṣúra tí wọ́n fi wọ́n ṣọ́. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá ń jí oúnjẹ, kí ni ẹni tí a ń ṣọ́ yóò ṣe?

Caesar jẹ́ ọkùnrin sígbọnlẹ̀, alágbára. David Collins, adájọ́ ibùdó náà, tí ó kọ ìwé nípa gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, jẹ́rìí sí i pé kò sí ẹlẹ́wọ̀n tí ń ṣiṣẹ́ bí i tirẹ̀. Collins kan náà ni ó sọ pé oúnjẹ ọjọ́ méjì ni ó lè jẹ tán ní ọjọ́ kan. Ìpín tí wọ́n ń fún ẹni tí ó ń gé igi gẹdú láti àárọ̀ di alẹ́ àti ìpín tí wọ́n ń fún ẹni tí ó rọra ń rìn kiri kò yàtọ̀. Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin àgbẹ̀ tí ó ga tó ènìyàn méjì, kí a máa bọ́ ọ bí ọmọdé, kí a sì máa yìn ín pé òṣìṣẹ́ ni. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Caesar bẹ̀rẹ̀ sí jí oúnjẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1789, wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ fún olè; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé ìbọn ṣọ́jà kan, ó gbé ìkòkò irin kan, ó sì wọ igbó. Ìkòkò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ẹni tí ó fẹ́ di ọlọ́ṣà yóò gbé ìbọn. Ẹni tí ó gbé ìkòkò, ó fẹ́ se oúnjẹ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, a kò fi ojú kan náà wo gbogbo ohun tí ènìyàn bá mú láìtọrọ. Arìnrìn-àjò tí ebi ń pa lè ya sí oko olóko, kí ó wa iṣu, kí ó dáná sun ún níbẹ̀, kí ó jẹ ẹ́. Ìgbà tí ó bá di í lẹ́rù gbé kúrò lóko ni ó di olè. Kí a má tan ara wa jẹ ṣá: àwọn baba ńlá wa kò ṣàánú olè paraku. Ìlú mìíràn a lé e jáde, ìlú mìíràn a tà á sí oko ẹrú, ẹni tí wọ́n bá sì tà sí apá òkun kì í padà wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nítorí náà n kò sọ pé òfin tiwa mọ́ tónítóní, tiwọn sì dọ̀tí. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn àgbà wa mọ ìyàtọ̀ láàrin ikùn àti ẹrù, ilé-ẹjọ́ tí ó dá Caesar lẹ́bi kò sì bìkítà fún un.

Ní oṣù kẹfà wọ́n mú un níbi tí ó ti ń wá oúnjẹ. Gómìnà ronú láti so ó rọ̀ kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Caesar, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ so òun rọ̀, òun yóò kọ́kọ́ bá aláṣekúpani ṣeré kan tí gbogbo èrò yóò fi rẹ́rìn-ín. Gómìnà rí i pé ikú kò lè dẹ́rù ba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é, wọ́n sì mú un lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù kan tí wọ́n ti ń gbin ewébẹ̀, kí ó lè máa rí ewébẹ̀ kún oúnjẹ rẹ̀. Ní tèmi, ìyẹn ni ìdájọ́ kan ṣoṣo tí ó bọ́gbọ́n mu nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ó ṣe pẹ̀lẹ́ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n tú ṣẹkẹṣẹkẹ, ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ó jí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó sì tún lọ.

Ohun tí ó ń ṣe nínú igbó lọ́tẹ̀ yìí kò dára, a kò sì ní fi pamọ́. Bí ó bá rí àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ń dáná oúnjẹ, a nàka ìbọn sí wọn, wọn a sá, a sì kó oúnjẹ wọn jẹ. Nígbà tí ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yí i ká, wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ gún un. Ní òpin oṣù kìíní ọdún 1790 ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà, ara rẹ̀ kún fún ọgbẹ́. Ó pa ìtàn kan fún wọn: ó ní òun rí àwọn màlúù tí ó sọnù, pé níbi tí òun ti fẹ́ dà wọ́n padà wá fún gómìnà ni wọ́n ti gún òun lọ́kọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé ní ìparí ọdún 1795 ni wọ́n rí màlúù náà ní tòótọ́ nínú igbó, tí wọ́n ti bí sí i tí wọ́n ti pọ̀ yanturu.

Wọ́n kó o lọ sí erékùṣù Norfolk ní oṣù kẹta ọdún 1790, ìgbèkùn nínú ìgbèkùn. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní 1791, wọ́n fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ àti ẹlẹ́dẹ̀ kan, ó sì ń bọ́ ara rẹ̀. Ní 1792, wọ́n fún un ní éékà kan, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, ọjọ́ yòókù sì jẹ́ tirẹ̀. Ó ní obìnrin kan, Anne Power, ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni obìnrin náà sì bí ọmọbìnrin kan fún un, Mary-Ann. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń jẹ láti inú oko ara rẹ̀, a kò gbọ́ pé ó wọ igbó. Ọdún 1793 ni wọ́n tún gbé e padà sí Sydney. Ìyàwó àti ọmọ kò bá a lọ. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó sá.

Ìyókù kò gùn. Wọ́n mú un, wọ́n nà án, ó tún ń sá. Ní ìparí ọdún 1795, níbi tí òun àti àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Botany Bay, Pemulwuy, jagunjagun pàtàkì nínú àwọn onílẹ̀, ṣíjà sí wọn. Caesar sì ṣe é léṣe lórí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi rò pé ó ti kú. Kò kú. Ọdún 1802 ni àwọn òyìnbó tó pa Pemulwuy. Fún ọjọ́ bí i mélòó kan, ọkùnrin dúdú tí wọ́n ń pè ní olè di akíkanjú lójú àwọn tí ó gba ilẹ̀, nítorí pé ó lu ẹni tí ó ń gba ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. N kò mọ ibi tí ìbànújẹ́ ìtàn yìí gbé pọ̀ jù èyí lọ: ìránṣẹ́ tí wọ́n kó lọ sígbèkùn àti onílẹ̀ tí wọ́n jí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó ń fọ́ orí ara wọn.

Ní oṣù kejìlá, Caesar tún wọ igbó, àwọn ìsáǹsá mìíràn sì kó ara wọn jọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1796, Gómìnà John Hunter kéde pé ẹni tí ó bá mú un yóò gba gálọ̀nù ọtí líle márùn-ún. Owó kò tó nǹkan ní Sydney nígbà náà. Ọtí ni wọ́n fi ń ra gbogbo nǹkan. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ John Wimbow tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé Liberty Plains, ó lúgọ, ó sì yìnbọn fún un. Wọ́n gbé e lọ sí ahéré àgbẹ̀ kan, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Collins kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fi ga ju ẹranko lọ. Adájọ́ ni ó kọ èyí, ẹni tí ó mọ iye tí wọ́n ń fún un jẹ.

Ti John Martin yàtọ̀. Ó gba ilẹ̀ éékà 50 ní 1792, ó dáko, wọ́n fi í ṣe ọlọ́pàá nígbà tí ó yá, ó fẹ́ ọmọbìnrin John Randall, aláwọ̀ dúdú mìíràn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ Alexander wá. Ọdún 1837 ni ó kú, pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Àwọn ìdílé òyìnbó kan wà ní Ọsirélíà lónìí tí wọ́n ṣẹ̀ lára rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1796 kan náà tí Caesar kú, wọ́n mú aláwọ̀ dúdú mìíràn láti Deptford wá sí ilé-ẹjọ́ ní Maidstone, ìlú kan náà. William Blue ni orúkọ rẹ̀. Ṣúgà ni ó jí nínú ọkọ̀ tí ó ń bá wọn já ẹrù. Ọdún 7 ni wọ́n dá fún òun náà, ó sì dé Sydney ní 1801. Nígbà tí ó parí ọdún rẹ̀, ó kan ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tu èrò kọjá láti etí omi kan dé èkejì ní èbúté Sydney, iṣẹ́ tí ọmọ Ìlàjẹ kankan kò ní í fi ojú pa rẹ́. Gómìnà Macquarie fẹ́ràn rẹ̀, ó fún un ní éékà 80 ní 1817 ní apá àríwá èbúté náà. Ó ń tukọ̀, ó ń gba owó èrò, ó ń jẹun nínú ilé ara rẹ̀, títí ó fi kú ní 1834. Blues Point ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di òní.